Orí Keje: Kíkó Ohun Inú Fóònù Pamọ́ Kí A Tó Rísẹ́ẹ̀tì Rẹ̀

Nínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé jáde ní ọdún 2025, àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù wà lára iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́fà tí wọ́n là kalẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama. Ẹni tó mú iṣẹ́ yìí la kọ orí yìí fún, pàápàá ẹni tó ń kọ́ ọ ní agbègbè Àgbádárìgì, láti Ajárá títí dé Sẹ̀mẹ̀, àti ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá sílé ẹ̀kọ́ láti Gberefu. Nínú àwọn orí tó ṣáájú, a kọ́ bí a ṣe ń yọ bátìrì àti bí a ṣe ń pààrọ̀ ojú fóònù. Bí ọwọ́ bá ṣe àṣìṣe níbẹ̀, owó ló máa ná wa: bátìrì tó bàjẹ́, a ó ra òmíràn. Ohun tí a fẹ́ kọ́ báyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Rísẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní fọ́ọ̀mátì, wà lára iṣẹ́ tó rọrùn jù láti ṣe lórí fóònù. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tó bá bá a lọ kò ní padà wá, kò sí owó tí a lè fi rà á.

Ohun tí rísẹ́ẹ̀tì ń ṣe

Rísẹ́ẹ̀tì ń dá fóònù padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Gbogbo ohun tí oní-fóònù ti fi kún un ni yóò lọ: nọ́ńbà, àtẹ̀jíṣẹ́, àwòrán, orin, áàpù, àti gbogbo ètò tó ti ṣe sórí rẹ̀. Android tàbí iOS tó ń darí fóònù kì í lọ, kì í sì í padà di ti àtijọ́. Bí fóònù bá ti gba Android tuntun, tuntun yẹn náà ni yóò wà lórí rẹ̀ lẹ́yìn rísẹ́ẹ̀tì.

Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé àwọn ní áàpù tó ń hú ohun tí rísẹ́ẹ̀tì pa rẹ́ jáde. Ìgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ yẹn ní òótọ́ nínú. Ní ọdún 2015, Laurent Simon àti Ross Anderson ti Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí kan jáde lórí fóònù Android àlòkù 21. Android 2.3 sí 4.3 ló wà lórí àwọn fóònù náà. Lẹ́yìn rísẹ́ẹ̀tì, wọ́n ṣì rí àtẹ̀jíṣẹ́ kà lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n rí àwòrán, wọ́n tilẹ̀ rí ohun tí fóònù fi ń wọ àkáǹtì Google ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ fóònù ìgbà náà kì í pa nǹkan rẹ́ dáadáa. Àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí nǹkan wà ni wọ́n ń pa rẹ́, nǹkan náà fúnra rẹ̀ a sì wà níbẹ̀ títí ohun mìíràn yóò fi gba àyè rẹ̀. Ewu ńlá nìyẹn fún àwọn tó ń ta fóònù wọn, nítorí pé ẹni tó bá ra tòkunbọ̀ lè ka ọ̀rọ̀ àṣírí wọn.

Wọ́n ti dí ihò yẹn. Láti ìgbà tí Android 10 ti jáde ní ọdún 2019, ó ti di dandan kí fóònù tuntun tó bá gbé e jáde yí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ padà sí ohun tí kò ṣeé kà láìsí kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ yìí kì í ṣe irin. Nọ́ńbà gígùn kan ni, tí fóònù dá ṣe fúnra rẹ̀, tó sì fi pamọ́ sí ibi tí ojú wa kò tó. Nígbà tí o bá tẹ rísẹ́ẹ̀tì, kọ́kọ́rọ́ náà ni fóònù ń pa run. Ó dà bí ẹni tó ti ìlẹ̀kùn irin, tó wá ju kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tó ní sínú ọ̀sà. Ẹrù wà nínú yàrá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò wọ ibẹ̀ mọ́ láéláé. Nítorí náà, ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ oníbàárà pé òun yóò bá a wá àwòrán jáde lára irú fóònù bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rísẹ́ẹ̀tì, owó ẹlẹ́tàn ló gbà. Ẹ̀dà tí a ti kó síbòmíràn ṣáájú nìkan ló lè padà wá.

Ṣé rísẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ ni oògùn rẹ̀?

Etí òkun la wà. Fóònù tó já sínú omi iyọ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju bó ṣe pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Ìbàdàn lọ. Bí omi òkun bá gbẹ nínú fóònù, iyọ̀ rẹ̀ á ṣẹ́kù sórí bọ́ọ̀dù. Iyọ̀ yìí ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, ó ń jẹ irin, ó sì ń jẹ́ kí iná gba ibi tí kò yẹ kó gbà. Irú fóònù bẹ́ẹ̀ a máa tẹ ara rẹ̀, a máa kú, a máa tan fúnra rẹ̀, a máa gbóná. Ọmọ iṣẹ́ tí kò kọ́ṣẹ́ dáadáa á ní, “Ẹ jẹ́ ká fọ́ọ̀mátì rẹ̀.” Ó ṣe é tán, fóònù ṣì ń tẹ ara rẹ̀, àwòrán ọdún mẹ́rin sì ti lọ. Rísẹ́ẹ̀tì kì í wo irin sàn. Fóònù tó wọ omi òkun, a máa pa á ni, a kò ní ki ṣájà bọ̀ ọ́, a ó sì tú u láti nu bọ́ọ̀dù rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ó ti kọ́ ọ ní Orí Kẹsàn-án.

Fóònù tó ń falẹ̀ náà, ẹ kọ́kọ́ wo àyè inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tó ń dà á láàmú kò ju pé inú rẹ̀ ti kún, tí fídíò ẹgbẹ́ WhatsApp mẹ́wàá ti gba gbogbo àyè. Ẹ yọ èyí tí oní-fóònù kò fẹ́, ẹ pa fóònù, ẹ tún un tàn. Bí ó bá ń ṣe ségesège, ẹ tan án ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Safe Mode, níbi tí áàpù tó bá fóònù wá nìkan yóò ti ṣiṣẹ́. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀ níbẹ̀, áàpù kan tí oní-fóònù gbé wọlé ló ń fa wàhálà, ẹ wá a kàn kí ẹ yọ ọ́.

Ìgbà tí rísẹ́ẹ̀tì yẹ ni ìgbà tí a fẹ́ tà á tàbí fi fún ẹlòmíràn, tàbí ìgbà tí gbogbo ọ̀nà yòókù ti pin.

Ibi mẹ́rin tí nǹkan ń gbé

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta àgbọn ní ọjà Agbalata. Ó gbé fóònù rẹ̀ wá, ẹ sì ti rí i pé rísẹ́ẹ̀tì ló kù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọmọ iṣẹ́ yóò bi í nìyí:

“Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ibo lẹ tọ́jú nọ́ńbà àwọn oníbàárà yín sí?”

“Inú fóònù ni, ọmọ mi. Ibo ló tún kù?”

Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn kò tó fún ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́. Nǹkan lè wà nínú fóònù gan-an, lórí síìmù, lórí mẹ́mọ́rì káàdì, tàbí nínú àkáǹtì tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Rísẹ́ẹ̀tì yóò pa ti inú fóònù rẹ́ pátápátá. Kì í fọwọ́ kan ti orí síìmù. Ti inú àkáǹtì náà yóò wà níbẹ̀, bí oní-fóònù bá ṣì lè wọ àkáǹtì náà. Ti mẹ́mọ́rì káàdì ló ń tan ènìyàn jẹ. Bí káàdì bá wà gẹ́gẹ́ bí ohun tó ṣeé yọ, kò séwu, yọ ọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti Android 6 ni fóònù mìíràn ti lè sọ káàdì di ara inú rẹ̀ kí àyè lè pọ̀ sí i. Irú káàdì bẹ́ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ fóònù yẹn nìkan ló ń ṣí i. Rísẹ́ẹ̀tì fóònù náà, káàdì á wà lọ́wọ́ rẹ ní odindi, kò sì ní sí ẹ̀rọ tó lè kà á. Lọ sí Settings, wá ibi tí wọ́n kọ Storage sí, wo ohun tí wọ́n pe káàdì náà kí o tó gbà gbọ́.

Nọ́ńbà àwọn oníbàárà

Síìmù kì í gba nọ́ńbà púpọ̀; ọ̀pọ̀ wọn kì í ju nǹkan bí 250 lọ. Orúkọ àti nọ́ńbà lásán ló sì ń gbà, á gé orúkọ gígùn sí méjì. “Ìyá Sùn Alágbọn Àjàṣẹ́” lè padà di “Ìyá Sùn Alág”. Nítorí náà, má fi síìmù ṣe ibi ìpamọ́ bí ọ̀nà mìíràn bá wà.

Ọ̀nà tó dára jù ni kí o kó gbogbo nọ́ńbà sínú fáìlì kan ṣoṣo. Nínú áàpù Contacts, wá ibi tí wọ́n kọ Export sí. Fóònù yóò ṣe fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .vcf. Fáìlì yìí kéré. Ẹgbẹ̀rún nọ́ńbà tí kò ní àwòrán kì í tó ìwọ̀n fọ́tò kan tí a fi fóònù yà. Fi ránṣẹ́ sí í-meèlì oní-fóònù, fi sórí mẹ́mọ́rì káàdì, kí o sì ní kó fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ kan lórí WhatsApp. Android àti iPhone ló ń ṣí i.

Ohun kan wà tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè wa gbọ́dọ̀ mọ̀, tí ìwé tí wọ́n kọ sílùú mìíràn kò ní sọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, orílẹ̀-èdè Benin yí nọ́ńbà fóònù wọn padà. Tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà wọn jẹ́ mẹ́jọ lẹ́yìn 229. Láti ọjọ́ náà ó di mẹ́wàá, wọ́n fi 01 síwájú gbogbo rẹ̀. Ẹ mọ bí àwọn oníṣòwò wa ṣe ní oníbàárà tó ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́. Bí ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ dá padà bá ti pẹ́ ju ọjọ́ yẹn lọ, nọ́ńbà tí kò lọ mọ́ ni ẹ ó kó padà sínú fóònù, oní-fóònù á sì rò pé àwọn oníbàárà òun ti kọ òun sílẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó kó nọ́ńbà jáde, ẹ yẹ gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +229 wò, ẹ fi 01 kún èyí tí kò bá ní.

Ọ̀rọ̀ ààlà wa pẹ̀lú Benin náà kan dátà. Ní ẹ̀bá Sẹ̀mẹ̀, fóònù lè fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà sílẹ̀ kó lọ gbé ti Benin láìbéèrè. Bí o bá ń gbé ẹ̀dà lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lákòókò yẹn, owó orí síìmù á tán. Pa Data roaming kí o tó bẹ̀rẹ̀.

WhatsApp

Níbí ni omijé ti ń pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá ọjà kì í kọ gbèsè sínú ìwé mọ́, ohùn ni wọ́n fi ń ránṣẹ́: “Mo ti kó ọgọ́rùn-ún àgbọn o, màá sanwó lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀.” Ohùn yẹn ni ìwé gbèsè wọn. Bí ó bá lọ, ẹ̀rí lọ.

Lórí Android, WhatsApp ń ṣe ẹ̀dà méjì. Ọ̀kan wà nínú fóònù fúnra rẹ̀, ó máa ń ṣe é lóru, ní nǹkan bí aago méjì. Èkejì ni èyí tó ń gbé lọ sí àkáǹtì Google, bí a bá ti ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ Settings inú WhatsApp, lọ sí Chats, lẹ́yìn náà Chat backup. Má kàn wò ó pé ó wà níbẹ̀. Wo ọjọ́ tó kọ síbẹ̀. Ẹ̀dà oṣù mẹ́fà sẹ́yìn kò ní ohun tí wọ́n sọ lánàá. Tẹ ibi tó ní kó ṣe ẹ̀dà tuntun, kí o sì dúró títí yóò fi parí. Wo bóyá fídíò wà nínú ohun tó ń kó, nítorí pé kì í kó fídíò àyàfi bí a bá sọ fún un.

Ẹ̀dà ti Google yìí kì í gba àyè kankan nínú àkáǹtì tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023 ni wọ́n kéde pé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, ó sì ti di bẹ́ẹ̀. 15GB ni Google ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, inú rẹ̀ sì ni í-meèlì, fọ́tò àti WhatsApp ti jọ ń pín. Bí ó bá kún, WhatsApp kò ní rí àyè ṣe ẹ̀dà mọ́. Ìdí nìyí tí oní-fóònù fi lè ní báákọ́ọ̀pù rí, kó má sì ní ti ọdún yìí.

Bí àyè tàbí dátà kò bá tó, lo ẹ̀dà inú fóònù. Wá fódà Android, nínú rẹ̀ media, lẹ́yìn náà com.whatsapp, lẹ́yìn náà WhatsApp. Kó odindi rẹ̀ sórí mẹ́mọ́rì káàdì tàbí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn rísẹ́ẹ̀tì, dá a padà sí ibi kan náà gan-an kí o tó gbé WhatsApp wọlé. Nígbà tí WhatsApp bá béèrè bóyá kó dá ẹ̀dà padà, gbà. Ẹni tó bá fò ó kọjá yóò ní láti yọ WhatsApp kúrò kó tún un gbé wọlé kí ìbéèrè náà tó tún yọjú.

Kókó méjì ló ṣẹ́kù. Nọ́ńbà tó ṣe ẹ̀dà náà ni yóò ṣí i, síìmù nọ́ńbà yẹn sì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, nítorí pé orí rẹ̀ ni WhatsApp yóò fi kóòdù ránṣẹ́ sí. Bí síìmù bá ti sọnù, kí oní-fóònù lọ gba òmíràn pẹ̀lú NIN rẹ̀ ná. Rísẹ́ẹ̀tì lè dúró. Ìkejì: láti ọdún 2021, ènìyàn lè fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti ẹ̀dà WhatsApp rẹ̀, tàbí kó fi kọ́kọ́rọ́ tó ní àmì 64 tì í. Bí ó bá ti gbàgbé rẹ̀, WhatsApp fúnra rẹ̀ kò lè ṣí i. Béèrè kí o tó tẹ ohunkóhun. Bí kò bá rántí rẹ̀, kó pa ìtìpa náà nígbà tí fóònù ṣì wà ní ṣíṣí, kó sì ṣe ẹ̀dà tuntun.

Ohùn, fídíò àti fọ́tò

Èrò tèmi ni pé ohùn ló yẹ kí a kọ́kọ́ kó, kì í ṣe fọ́tò. Fọ́tò ìgbéyàwó, ó ṣeé ṣe kí ìbátan mẹ́wàá ní in. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà tó jókòó tó ń fi èdè Ègùn sọ ìtàn agbo ilé, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbà á sílẹ̀ lórí fóònù kan ṣoṣo, kò sí ẹlòmíràn tó ní in. Bàbá náà sì lè ti lọ. Orin tí àwọn obìnrin kọ níbi tí Zangbeto ti jáde, àdúrà ìyá lórí WhatsApp, gbogbo ìwọ̀nyí kò ní ìwé tí a lè tún wò. Béèrè lọ́wọ́ oníbàárà: “Ṣé ohùn ẹnikẹ́ni wà nínú fóònù yìí tẹ́ ẹ fẹ́ràn?” Ọ̀pọ̀ kì í rántí àfi tí a bá bi wọ́n. Wá fódà Recordings, wá ti WhatsApp Voice Notes, kó wọn jáde.

Fún fọ́tò, Google Photos ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni ó ti ń gba àyè nínú 15GB yẹn. Fọ́tò tí kámẹ́rà yà nìkan ló ń kó fúnra rẹ̀; àwọn tó ti WhatsApp wọlé wà ní fódà mìíràn, o gbọ́dọ̀ tan án fún wọn lọ́tọ̀.

Má sì gbára lé íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú. Òkun tí ẹ ń wò yìí ni ẹ̀dà yín ń gbà kọjá. Peter Krogh, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, ló gbé òfin kan kalẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ṣì ń lò: kí ohun tó ṣe pàtàkì ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan sì wà níbòmíràn. Fún ìyá alágbọn wa, ìyẹn lè jẹ́ fóònù fúnra rẹ̀, mẹ́mọ́rì káàdì tó wà nílé, àti àkáǹtì Google. Bí o bá lo kọ̀ǹpútà kàfé láti ṣe é, má fi ẹ̀dà kankan sílẹ̀ níbẹ̀.

Báákọ́ọ̀pù ti Android fúnra rẹ̀, tó ń kó àtẹ̀jíṣẹ́ àti ètò fóònù, wà nínú Settings lábẹ́ Google. Bí a kò bá lo fóònù náà fún ọjọ́ 57, Google lè pa á rẹ́. Nígbà tí a bá sì fẹ́ dá a padà, ó lè béèrè PIN tí fóònù ń lò tẹ́lẹ̀, nítorí náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Áàpù báńkì kò ní ohun tí a ń kó. Kí oní-fóònù rí i dájú pé káàdì ATM, PIN àti nọ́ńbà tó so mọ́ àkáǹtì rẹ̀ wà lọ́wọ́, nítorí pé báńkì yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Àkáǹtì ta ni?

Láti Android 5.1, ọdún 2015, ni fóònù ti ní ààbò kan lòdì sí olè. Bí ẹnìkan bá fi bọ́tìnì ara fóònù rísẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láìwọ inú Settings, fóònù yóò béèrè àkáǹtì Google tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí kò bá rí i, kò ní ṣí. iPhone ní irú rẹ̀ láti iOS 7, ọdún 2013. Ohun rere ni, olè ló wà fún. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ó ń mú ẹni tí kò jalè pẹ̀lú, ìdí rẹ̀ sì nìyí: àwọn tó ta fóònù fún un ló ṣí í-meèlì fún un lọ́jọ́ tó rà á. Wọ́n dá orúkọ kan sílẹ̀, wọ́n dá ọ̀rọ̀ aṣínà kan, wọ́n gbé fóònù lé e lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, gbogbo nọ́ńbà àti fọ́tò rẹ̀ wà nínú àkáǹtì tí òun fúnra rẹ̀ kò lè wọ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó kó ohunkóhun lọ sí àkáǹtì, ẹ ní kí oní-fóònù wọ ọ́ lórí fóònù mìíràn. Bí kò bá lè wọlé, ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà nígbà tí fóònù náà ṣì ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ó rọrùn nígbà náà. Google ní kí ènìyàn dúró fún wákàtí 24 lẹ́yìn tó bá yí i padà kó tó rísẹ́ẹ̀tì. Ẹ fara balẹ̀ dúró. Kí oní-fóònù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ í-meèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà náà sínú ìwé, kó sì gbé e lọ sílé. Ìwọ kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ṣọ́ọ̀bù rẹ.

Bí ó bá jẹ́ pé títà ni wọ́n fẹ́ ta fóònù, yọ àkáǹtì kúrò nínú Settings kí o tó rísẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Kí ọwọ́ rẹ tó kan bọ́tìnì

Ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí wò kì í ṣe ẹ̀dà. Yọ mẹ́mọ́rì káàdì, fi sínú fóònù mìíràn. Ka iye fáìlì tó wà nínú fódà tuntun, fi wé ti fóònù. Ṣí fọ́tò tó pẹ́ jù, ṣí èyí tó wà láàárín, ṣí ti òní. Gbọ́ ohùn kan dé òpin. Ṣí fáìlì .vcf, ní kí oní-fóònù pe orúkọ oníbàárà mẹ́ta, kí o sì wá wọn níbẹ̀ lójú rẹ̀. Wo bátìrì, kó tó ìdajì ó kéré tán. Ìgbà tí oní-fóònù bá sọ pé òun ti rí gbogbo rẹ̀ ni kí o tó tẹ̀ ẹ́.

Òfin wà lórí ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Abala 37 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè, ọ̀rọ̀ orí fóònù rẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ buwọ́ lu òfin ìdáàbòbò dátà, tó sọ pé ẹni tí dátà ẹlòmíràn bá bọ́ sí lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó ń wo fọ́tò oníbàárà nítorí pé ó ń bá a ṣe ẹ̀dà ti ṣẹ̀ sí òfin, ó sì ti ba iṣẹ́ náà jẹ́ fún gbogbo wa. Fáìlì tí o bá ní láti ṣí wò, ṣí i lójú ẹni tó ni ín. Bí ẹ̀dà kan bá wà lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, pa á rẹ́ lójú rẹ̀ nígbà tó bá gba fóònù rẹ̀ tán.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ṣàlàyé ìdí tí a fi lè rí nǹkan hú jáde lára fóònù Android 4.3 lẹ́yìn rísẹ́ẹ̀tì, tí a kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ lára fóònù tó gbé Android 10 jáde.

2. Apẹja kan ní Gberefu ní fóònù òun ń tẹ ara rẹ̀ láti ìgbà tó ti já sómi. Ó fẹ́ kí o fọ́ọ̀mátì rẹ̀. Kọ ohun tí ìwọ yóò sọ fún un àti ohun tí ìwọ yóò ṣe.

3. Oníbàárà rẹ ní báákọ́ọ̀pù nọ́ńbà tó ṣe ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Ó ní oníbàárà ní Kútọnu. Ìṣòro wo ló wà níbẹ̀?

4. Jókòó ti òbí tàbí àgbàlagbà kan nílé. Bi í bóyá ó mọ í-meèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà tó wà lórí fóònù rẹ̀, ràn án lọ́wọ́ láti wọlé, kí o sì bá a kó ohùn àti nọ́ńbà rẹ̀ sórí mẹ́mọ́rì káàdì. Kọ ohun tí ẹ jọ ṣe, má kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Má ṣe rísẹ́ẹ̀tì fóònù ẹnikẹ́ni fún iṣẹ́ yìí. Fóònù àlòkù tó jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ la ó fi ṣe ìyẹn ní kíláàsì.